Ọwọ́ Òsì Nílé Ọ̀fọ̀

Àlàrùbá, 15 Òkítóbà 2025

Òjò láti ìrọ̀lẹ́, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ mo parí rẹ̀. Gbogbo orin tí a máa kọ ní Sátidé ló ti ní ohùn tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí mo ń so mọ́ gìtá mi: ọ̀kan dún bí áńpù, àpótí agbóhùnsókè àwọn àgbà onígìtá, ọ̀kan dún bí ẹni tó ń ta gìtá nínú gbọ̀ngàn òfìfo, ọ̀kan ń ṣàn bí omi. Ẹsẹ̀ lásán ni màá fi máa tẹ̀ ẹ́. Pẹpẹ irin tí kò gùn ju apá mi lọ, ó ń sín áńpù gbogbo ayé jẹ. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń tò ó bí ẹni tó ń kọ́lé.

Ìyàwó mi, Ìyá Hamdia, kọjá, ó rí íápíìsì létí mi, ó mi orí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sàn fún mi ju orí mímì rẹ̀ lọ.

Sọ́ńdè, 19 Òkítóbà

N kò lè kọ̀wé lánàá. Ojú tì mí débi pé n kò jẹun.

Ìrántí ọ̀sẹ̀ kan ikú ìyá àgbà kan la lọ ṣeré fún, kò jìnnà sílé wa níbí ní Ash-Town, ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà. Ìyá náà ló dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń kọ nnwonkorɔ, orin arò àwọn Asante, sílẹ̀ ládùúgbò yìí. Maame Akua ló wà nípò rẹ̀ báyìí. Òkú ṣì wà ní mọ́ṣúárì, ìsìnkú gan-an di Dìsẹ́ńbà.

Èrò pọ̀, aṣọ dúdú àti pupa ló kún ojúlé. Abusuapanin, olórí ẹbí, dìde lórí àga rẹ̀, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́ kiri láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àwa olórin la wà ní ìparí ìlà. Àkókò náà ni Maame Akua gbé orin kan tí a kò múra rẹ̀ sílẹ̀ rárá. Kwabena, ọ̀gá wa, ṣẹ́jú sí mi pé kí n tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wá ohùn tó máa bá a mu. Mo yí i síhìn-ín, ó le jù. Mo yí i sọ́hùn-ún, ó ń dún bí ẹni tó jìn sí kànga. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lára ẹ̀rọ, ojú mi wà lára gíláàsì rẹ̀. Mo kàn rí i tí ọwọ́ kan nà wá sọ́dọ̀ mi. Mo na èyí tó ṣófo sí i.

Òsì ni.

Àwọn obìnrin dákẹ́ láàárín orin. Abusuapanin wo ọwọ́ mi, ó fa tirẹ̀ sẹ́yìn, ó sì kọjá lọ bọ onílù lọ́wọ́. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá mi, etí mi ló máa gbà á. Ẹnì kan lẹ́yìn wa fẹ́ gbè mí, ó ní, “Alatani no deɛ, ɔnnim.” Ó ní ará Nàìjíríà ni mí, n kò mọ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Àdúgbò yìí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí.

Àtìní, 20 Òkítóbà

Kwabena wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Magazine. Òun ló ni ẹgbẹ́ olórin wa, òun náà ló ń lé orin. Ó jókòó sórí páálí béárìn, kò bú mi, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó ní ẹbí olóògbé ránṣẹ́ pé kí ẹgbẹ́ wá ní ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ kẹtàlá Dìsẹ́ńbà, ṣùgbọ́n kí àwọn má fojú kan Alatani tó na òsì sí àgbà. Mo ní kí ó kúkú wá onígìtá míì fún ọjọ́ yẹn nìkan. Ó ní ilé yẹn àti àwọn ìbátan wọn ló ń pè wá síṣẹ́ jù lọ ní gbogbo Kumasi. Bí n kò bá lè wọ ilé wọn, kí ni òun fẹ́ fi mí ṣe nínú ẹgbẹ́?

Mo ti ń bá a ṣeré kí a tó bí Hamdia. Oníbàárà kan wọlé, mo ta béárìn tí kò béèrè fún un, ó sì padà wá bú mi.

Jímọ̀, 24 Òkítóbà

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la fa àgùntàn lọ sílé olóògbé pẹ̀lú ìgò ṣìnáàpù méjì láti bẹ̀bẹ̀. Kwabena ní èmi tí mo ṣẹ̀ ni kí n gbé ọtí. Bí mo ṣe ti mọ́ṣáláṣí jáde nìyẹn, fìlà funfun lórí, ìgò ọtí lábíyá, tí àwọn tí a jọ kírun ń kí mi lójú ọ̀nà. Mo dáhùn gbogbo ìkíni wọn. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Abusuapanin kò bá mi sọ̀rọ̀. Agbẹnusọ rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Kwabena, ó ń gbé e fún un, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀, bí ẹni pé n kò gbọ́ Twi. Kwabena ní ẹ̀rọ ló gbà mí lójú, kì í ṣe ìwọ̀sí. Wọ́n gba ọtí, wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n so àgùntàn mọ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìgbà náà ni bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò mí, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Twi.

“Òsì rẹ la ti rí. A ò tíì rí ọ̀tún rẹ.”

Kwabena túmọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́nà, àfi bí ẹni pé òun nìkan ló gbọ́ ọ: kí n wá lọ́jọ́ ìsìnkú kí wọ́n wò mí. Bí mo bá tún bà á jẹ́ níwájú òkú, kí n má wulẹ̀ yọjú sí ẹgbẹ́ mọ́.

Sọ́ńdè, 26 Òkítóbà

Mo pa ọ̀pọ̀ ohùn rẹ́ nínú ẹ̀rọ, mo fi mẹ́ta péré sílẹ̀ kí n má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ mo ti tún kó mẹ́rin wọlé. Ọwọ́ mi kò lè gbélẹ̀.

Sátidé, 1 Nòfẹ́ńbà

A kò níṣẹ́ lónìí, a ṣe ìdánrawò nílé Kwabena. Maame Akua wá pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta. Obìnrin náà kì í sọ orin tó fẹ́ kọ. Ó ní ẹni tó ń sunkún kì í fi tó ẹnikẹ́ni létí. Ó gbé orin, mo tẹ ẹ̀rọ, mo wá ohùn. Kí n tó wọlé wọ́n ti dé ìdámẹ́ta orin. Lẹ́yìn náà iná ṣẹ́jú péré, ẹ̀rọ mi kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ bí ọmọ ọba. Wọ́n kọ odindi orin kan parí kí ó tó ṣetán.

Maame Akua wò mí, ó ní, “Teslim, mo pe gìtá rẹ o. Ó ní òun ń wọṣọ lọ́wọ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú tróòtrò, ọkọ̀ èrò tó gbé mi lọ sílé, ni ohun tó sọ tó yé mi.

Àlàrùbá, 5 Nòfẹ́ńbà

Mo gbé gìtá jókòó sí àgbàlá lónìí, kò sí ẹ̀rọ, kò sí íápíìsì, okùn àti ìka nìkan. Mo ta orin tí mo ti ń ta láti ọmọ ogún ọdún. Ìyá Hamdia kígbe láti ilé ìdáná, ó ní, “Bàbá Hamdia, ta ló ń kọ́ gìtá lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn?”

Mo ní èmi ni. Ó yọjú wò mí, ó sì padà sídìí ata rẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sàn kí ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí, kí n kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé: ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń tiro. Ó ń pẹ́ kó tó dé, ó ń le níbi tó yẹ kó rọ̀. Ẹ̀rọ ló ń bò mí láṣírí. Ó ń fi gbohùngbohùn dí gbogbo àlàfo, ó ń tẹ gbogbo gbágungbàgun mọ́lẹ̀ kó lè dọ́gba. Mo ti ń gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ọjọ́ yìí, mo ń pè é ní èmi.

Sọ́ńdè, 9 Nòfẹ́ńbà

Kwabena ní áńpù àtijọ́ kan wà lábẹ́ àwọn àga ìyálò òun tí kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́. A fà á jáde. Eku ti bímọ sínú rẹ̀. Kókó yíyí méjì ló ní: ọ̀kan fún ohùn gíga, ọ̀kan fún ohùn tó mọ́ tàbí tó dúdú. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù mi bá mi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó gba ọgọ́rùn-ún méjì sídì, ó sì ní kí n má fi í sílẹ̀ pẹ́ lórí iná. Ó ń kùn bí oyin kódà nígbà tí n kò fọwọ́ kan okùn.

Àlàmísì, 13 Nòfẹ́ńbà

Ìka ti bó. Epo tún ti gbówó lórí. Mi ò ta gìtá ju wákàtí kan lọ.

Sọ́ńdè, 16 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ayigya wo ẹ̀rọ, ó fẹ́ rà á. Ọláolúwakìtán lórúkọ rẹ̀, ó ní kí n máa pe òun ní Kìtán. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń kàwé níbí, ó sì ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Kwabena ló fún un ní nọ́ńbà mi, láì béèrè lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún mi ní gbangba àgbàlá, àwọn ọmọ alájọgbé wa sì bú sẹ́rìn-ín, wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ó mọ ẹ̀rọ náà jù mí lọ. Ó ń yí i, ó ń pe ohun gbogbo inú rẹ̀ lórúkọ bí ẹni tó ń kí ìbátan. Ojú rẹ̀ ń dán.

Nígbà tó ní kí n dá iye lé e, mo ní màá pè é. Ìyá Hamdia gbọ́. Nígbà tí ọmọ náà lọ, ó bi mí pé kí ni mo ń dúró dè. Mo ní bí n kò bá lè ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ lásán ńkọ́? Ó ní, “Ẹ̀rọ yẹn ni yóò wá bọ bàbá yẹn lọ́wọ́ ni?” Bó bá ti sọ̀rọ̀ báyìí, ó máa ń borí.

Sọ́ńdè, 23 Nòfẹ́ńbà

Ní Tafo la ti ṣeré lánàá, ìsìnkú bàbá awakọ̀ kan. Mo gbé áńpù àtijọ́ lọ. Mo sì gbé ẹ̀rọ sínú àpò, mo sọ fún ara mi pé nítorí àfojúdi iná ni.

Orin kìíní gbé mi. Ìkejì, ọwọ́ ọ̀tún mi rẹ̀, Kwabena wẹ̀yìn wò mí. Kí a tó dé ìkẹta mo ti fa ẹ̀rọ jáde, mo ti so ó mọ́ ọn. Gbogbo nǹkan sì dùn padà, ó dùn bí ṣúgà, àwọn èèyàn jó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Kwabena kò bá mi wí. Ó kàn ní nígbà tí a ń kó ẹrù pé Dìsẹ́ńbà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti rẹ òun náà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń ro ẹlòmíì.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ yìí bá wà nínú ilé, màá máa gbé e sínú àpò. Mo pe Kìtán láàárọ̀ yìí.

Àlàmísì, 27 Nòfẹ́ńbà

Ó ti gbé e lọ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo fi rà á, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá kí n pa àwọn ohùn mi rẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ó ní, “Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Àwọn gan-an ni mo fẹ́.” Mo fi sílẹ̀. Ó fi aṣọ ìnura wé e bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun, ó sì wọ tákísì.

Mo rò pé màá sunkún. Oorun ni mo sùn, lọ́sàn-án gangan, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì.

Àtàlátà, 2 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé. Okùn gìtá kò dúró lójú kan, ètè ń bẹ́. Àyè tí ẹ̀rọ máa ń wà lórí tábìlì, Ìyá Hamdia ti gbé agbọ̀n àlùbọ́sà síbẹ̀. Kò tilẹ̀ jẹ́ kó tutù.

Sátidé, 6 Dìsẹ́ńbà

Mo lọ sílé Maame Akua fúnra mi. Àwọn obìnrin rẹ̀ ti pé, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń bó ẹ̀pà. Mo fẹ́ tú gìtá jáde, ó ní kí n fi í sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀, kí n bá wọn bó ẹ̀pà. Mo bó ẹ̀pà títí oòrùn fi wọ̀. Ojú ń tì mí lákọ̀ọ́kọ́, àwọn obìnrin náà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé kí n má jẹ ju èyí tí mo bó lọ.

Nígbà tó yá ni mo wá kíyè sí i. Kí Maame Akua tó gbé orin, èjìká rẹ̀ máa ń lọ sókè díẹ̀. Bí orin náà bá ga, èjìká náà á yára. Bí ó bá jẹ́ orin arò tó lọ sísàlẹ̀, yóò pẹ́ lókè kó tó wálẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń wo èjìká yẹn, kò sí ẹni tó ń wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bá wọn ṣeré, ilẹ̀ ni mo ń wò, níbi ẹsẹ̀ mi.

Mo padà sílé pẹ̀lú èékánná tó dọ̀tí. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú mi rọ̀ díẹ̀.

Àlàmísì, 11 Dìsẹ́ńbà

Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sí nǹkan míì láti kọ.

Sọ́ńdè, 14 Dìsẹ́ńbà

Ó ti parí. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n gbé òkú dé láàárọ̀ àná, wọ́n sin ín, a sì wá sórí pápá fún ayẹyẹ ìsìnkú. Àgọ́ yí pápá ká, eruku ọyẹ́ bo gbogbo wa. Mo gbé áńpù àtijọ́ sórí àga kan lẹ́yìn mi, mo yí kókó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Orin àkọ́kọ́ tiro díẹ̀. Ìkejì sàn. Kwabena ń kọrin pẹ̀lú ẹ̀yìn sí mi, ìyẹn ni pé kò bẹ̀rù.

Ọ̀sán pọ́n. Abusuapanin dìde pẹ̀lú àwọn ará ilé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ èèyàn lọ́wọ́ láti ọ̀tún. Mo ń rí i tó ń bọ̀, láti àgọ́ kan sí èkejì, aṣọ pupa lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́. Mo ti ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: bó bá ti dé ọ̀dọ̀ onílù, màá dá gìtá dúró, màá dìde, màá fi ọ̀tún fún un, tí mo bá lè, màá fi òsì ti apá ọ̀tún lẹ́yìn bí ọmọ gidi.

Èjìká Maame Akua lọ sókè, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Orin olóògbé fúnra rẹ̀ ni, èyí tó máa ń gbé nígbà tó wà láyé. Obìnrin kankan kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tó kú. Mo ti wọlé kó tó la ẹnu. N kò mọ bí mo ṣe ṣe é. Àwọn obìnrin dìde, àwọn kan kò lè kọ ọ́, ẹkún ni wọ́n ń sun. Gìtá nìkan ló gbé orin náà dúró. Bí mo bá dá a dúró, ó ṣubú nìyẹn.

Abusuapanin dé iwájú mi. Ó na ọwọ́.

Mo wo ọwọ́ náà. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí okùn. Mo rí i pé Kwabena ti yí padà, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Gbogbo àgọ́ ń wò. Mo ní ṣàkà nínú ọkàn mi pé ó parí, Teslim, ẹgbẹ́ ti lọ. N kò sì dá gìtá dúró. Mo wo ojú bàbá náà, mo mi orí sí i pé n kò lè ṣe é, mo sì ń ta á lọ.

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínà níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí ọ̀pá. Kò kọjá. Ó dúró. Àwọn ará ilé tó tẹ̀ lé e náà dúró lẹ́yìn rẹ̀, nínú oòrùn, gbogbo ìlà. Agbẹnusọ rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ dá a lẹ́kun. Orin náà gùn. Maame Akua kò gé e kúrú nítorí ẹnikẹ́ni. Bàbá náà dúró títí ó fi parí, títí ó fi ku áńpù tó ń kùn nìkan.

Ó tún na ọwọ́. Mo dìde, mo fún un ní ọ̀tún mi. Ìka mi ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀, ó kàn án lára, kò nù ún. Ó dì í mú. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́sí, mo sì ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Ó tẹ̀ sí etí mi, ohùn rẹ̀ kéré.

“Sɛ me nuabaa te ase a, anka ɔbɛsa.”

Ká ní àbúrò òun obìnrin wà láyé, ìbá jó. Àbúrò rẹ̀ ni olóògbé, n kò sì rò ó rí.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo tò sẹ́nu dà nù. Láti Òkítóbà, ọwọ́ mi ni mo ń rò, ẹ̀rọ mi, àyè mi nínú ẹgbẹ́. Mo gbé ọtí wá sílé ọkùnrin yìí, mo fa àgùntàn wá, mo jókòó níwájú rẹ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú wà lára rẹ̀, n kò sì kí i kú ọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo wá kí i ní Twi, “Due, Nana. Due.”